Ẹ̀kú Ọmọdé: Aṣọ Róbọ́ọ̀tì Transformers àti Ọmọ Tó Wà Nínú Rẹ̀

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ohun tí òwe yìí ń fà yọ ni pé aṣọ tuntun kì í ṣe ẹ̀rí ìrírí. Aṣọ tó gbó sí ènìyàn lára ni ẹ̀rí ọjọ́ tó ti lò lókè eèpẹ̀. Ṣùgbọ́n oríṣi aṣọ ọmọdé kan wà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó fẹ́ da òwe náà rú. Ní àárín àwọn ọdún 1980 ni àwọn òbí ń rà á fún àwọn ọmọ wọn, kí wọ́n lè wọ̀ ọ́ ní alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ọdún. Lónìí, àgbàlagbà ló ń wá a kiri. Èyí tí wọ́n sì ń wá jù lọ nínú rẹ̀ ni èyí tí ọmọ kankan kò wọ̀ rí.

Aṣọ tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí ni aṣọ róbọ́ọ̀tì Transformers. Inú páálí pẹlẹbẹ kan ni wọ́n ń tà á. Wọ́n gé ojú páálí náà bíi fèrèsé, wọ́n fi ọ̀rá tó mọ́ gaara bò ó, kí ojú róbọ́ọ̀tì lè máa yọ sí ẹni tó ń kọjá lọ nínú ilé ìtajà. Nǹkan méjì péré ló wà nínú páálí. Èkíní ni ìbòjú tí wọ́n fi ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe, tó ní ihò méjì fún ojú, ihò tín-ín-rín fún èémí, àti okùn rọ́bà tí wọ́n fi irin kéékèèké kàn mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Èkejì ni ẹ̀wù ọ̀rá tí wọ́n ń so ní ẹ̀yìn ọrùn. Ẹni tó bá fi ojú bí wọ́n ṣe ṣe é wò ó yóò sọ pé ohun yẹpẹrẹ ni. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló sì ti fi ohun yẹpẹrẹ yìí di akọni. Ibi tí iyì irú aṣọ bẹ́ẹ̀ wà gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ń wá: ṣé inú páálí ni, àbí ara ọmọ?

Orírun Aṣọ Inú Páálí

Ọjọ́ Halloween ni wọ́n ń wọ irú aṣọ yìí. Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún ni, èyí tí í ṣe àìsùn ọjọ́ Gbogbo Ẹni Mímọ́. Àwọn ará Ireland àti Scotland tí wọ́n ṣí lọ sí Amẹ́ríkà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n gbé púpọ̀ nínú àṣà ọjọ́ náà dé ibẹ̀. Àṣà kí àwọn ọmọdé máa kan ilẹ̀kùn ilé kiri láti gba súwíìtì gbilẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Ìdí kò jìnnà: láàárín ọdún 1942 sí 1947, ìwọ̀n ni ìjọba ń fi pín ṣúgà fún aráàlú. Ìgbà tí ṣúgà padà pọ̀ lọ́jà ni ọwọ́ àwọn onílé tó ní ohun tí wọn yóò máa há fún àwọn ọmọ.

Ní àkọ́kọ́, ohun tó bá wà nílé ni ọmọ fi ń para dà. Aṣọ ìbusùn funfun lè sọ ọ́ di iwin, ẹ̀wù àgbà tó ti gbó lè sọ ọ́ di alárìnkiri, èédú sì lè di irùngbọ̀n rẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn oníṣòwò rí i pé owó wà níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan ní ìlú Collegeville, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, tó ń rán àsíá, fi àjákù aṣọ àsíá bẹ̀rẹ̀ sí í rán aṣọ aláwàdà, ó sì di gbajúmọ̀ nídìí iṣẹ́ aṣọ Halloween. Ní ọdún 1937, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Ben Cooper sílẹ̀ ní Brooklyn, ní New York. Ilé-iṣẹ́ yìí gba àṣẹ láti máa ṣe aṣọ àwọn ẹ̀dá inú fíìmù Disney. Láti ìgbà náà ni òwò yìí ti ní ìlànà kan tí kò yí padà: ohun tí àwọn ọmọ bá ń wò lọ́dún náà ni kí páálí gbé jáde lóṣù kẹwàá.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe ìbòjú náà ló jẹ́ kí ó pọ̀, kí owó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Wọn yóò mú ike pẹlẹbẹ, wọn yóò fi iná mú un rọ̀, wọn yóò tẹ́ ẹ lórí ère ojú, wọn yóò sì fa afẹ́fẹ́ abẹ́ rẹ̀ jáde kí ike náà lè lẹ̀ mọ́ ère náà pinpin. Bó bá ti tutù, wọn yóò gé etí rẹ̀, wọn yóò kùn ún, ó parí. Ère kan ṣoṣo lè bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú. Ẹ̀wù ọ̀rá náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: gígé kan náà ni ti gbogbo wọn, àwòrán àyà nìkan ló yàtọ̀.

Bí Ẹ̀rọ Ṣe Di Akọni

Àwọn róbọ́ọ̀tì tí à ń sọ yìí kò ní orúkọ akọni nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ délé ayé. Ilé-iṣẹ́ Takara ní ilẹ̀ Japan ló ṣe wọ́n. Ní ọdún 1980 ni Takara gbé ọ̀wọ́ ohun ìṣeré kan jáde tó ń jẹ́ Diaclone. Ọkọ̀ tó lè di róbọ́ọ̀tì wà nínú wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ lásán ni wọ́n. Awakọ̀ kékeré ló ń jókòó sínú wọn tó ń darí wọn. Hasbro, ilé-iṣẹ́ ohun ìṣeré ní ìpínlẹ̀ Rhode Island ní Amẹ́ríkà, gba àṣẹ lọ́wọ́ Takara, ó kó àwọn ohun ìṣeré yìí pọ̀ mọ́ àwọn mìíràn, ó sì gbé wọn sọ́jà ní ọdún 1984 lábẹ́ orúkọ Transformers.

Yorùbá gbà pé ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Hasbro kò ní ilé tí yóò wò. Ọjà ló ń wò. Ó wá gbé iṣẹ́ náà fún àwọn òǹkọ̀wé ilé-iṣẹ́ Marvel, tí í máa ń tẹ ìwé àwòrán. Dennis O'Neil ló fún ọ̀gá wọn ní orúkọ Optimus Prime. Bob Budiansky ló sọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ yòókù lórúkọ, tó sì kọ ìwà, agbára àti àléébù ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sílẹ̀. Báyìí ni ẹ̀rọ tí awakọ̀ ń wà ṣe di ẹ̀dá alààyè tí kò nílò awakọ̀ mọ́. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà méjì: àwọn Autobot tí wọ́n ń gbèjà ọmọ ènìyàn, àti àwọn Decepticon tí Megatron ń darí. Láti ìràwọ̀ tó ń jẹ́ Cybertron ni wọ́n ti wá, wọ́n sì ń fi ìrísí ọkọ̀ àti bàálù bo ara wọn láyé.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1984, eré àwòrán wọn bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọdún kan náà ni àjọ ìjọba tó ń mójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀ ní Amẹ́ríkà tú ìdè tó wà lórí iye ìpolówó tí wọ́n lè fi sínú ètò àwọn ọmọdé. Ojú ọ̀nà wá là fún eré tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni ìpolówó. Síbẹ̀, ohun kan wọnú eré náà tí kì í ṣe ti ọjà. Peter Cullen ló ń sọ̀rọ̀ fún Optimus Prime. Ó ti sọ fún àwọn oníròyìn lọ́pọ̀ ìgbà pé ẹ̀gbọ́n òun, tó ti jagun ní Vietnam, ni òun fi ṣe àwòkọ́ṣe: ọkùnrin tó lágbára tí kò pariwo, tó mọ ìwà pẹ̀lẹ́ mọ́ agbára. Ohùn jẹ́jẹ́ yìí ni àwọn ọmọ ń gbọ́ lẹ́yìn ilé-ìwé. Ohun tí Hasbro ń tà ni ike àti irin. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ gbà ni bàbá kan tí kì í jágbe.

Ẹ̀kú Tó Ń Dárúkọ Ara Rẹ̀

Ohun tó kọ́kọ́ máa ń ya ẹni lẹ́nu nípa aṣọ náà ni àyà rẹ̀. Ọmọ tó wọ ìbòjú Optimus Prime kò wọ ara Optimus Prime. Àyà akọni yìí nínú eré jẹ́ gíláàsì iwájú ọkọ̀ akẹ́rù, méjì, lórí ara pupa. Ṣùgbọ́n àwòrán akọni náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n máa ń tẹ̀ sí àyà irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú orúkọ. Èyí já sí pé ẹni tí ọmọ ń sín jẹ wà lójú rẹ̀, ó tún wà láyà rẹ̀. Ìpolówó ọjà ni, òótọ́ ni. Ó sì tún ń ran àgbàlagbà tí kò wo eré náà lọ́wọ́ láti mọ ẹni tó kan ilẹ̀kùn òun.

Ó ṣòro kí ọmọ Yorùbá rí ẹni tó bojú kí ọkàn rẹ̀ má lọ sọ́dọ̀ egúngún. Kò yẹ kí a da méjèèjì pọ̀. Ará ọ̀run ni egúngún, ìgbàlẹ̀ ló ti ń jáde, kì í ṣe ilé ìtajà; eré ọmọdé ni Halloween jẹ́ fún ẹni tó ń ra páálí. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí Yorùbá ní nípa ẹ̀kú lè jẹ́ ká mọ ohun tó kù nínú aṣọ yìí. Ẹ̀kú a máa bo ènìyàn láti orí dé ẹsẹ̀. Ohùn egúngún a máa yàtọ̀ sí ohùn ọmọ aráyé. Egúngún kì í kọ orúkọ sáyà. Aṣọ rẹ̀ àti oríkì rẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Lékè gbogbo rẹ̀, àwọn tó wà lójú agbo gbọ́dọ̀ gbà pé ẹni tó dé náà ló dé.

Bí a bá fi èyí wọn aṣọ róbọ́ọ̀tì, ó kùnà púpọ̀. Kò bo ara tán: ọwọ́ ọmọ ń yọ, bàtà ilé-ìwé rẹ̀ ń yọ. Òtútù a máa mú ní ọ̀pọ̀ ìlú Amẹ́ríkà lóṣù kẹwàá, nítorí náà ìyá a máa fi ẹ̀wù òtútù lé e lórí, àwòrán àyà a sì wọ abẹ́ rẹ̀. Èémí ọmọ a di omi nínú ìbòjú. Rọ́bà a máa já. Kí wọ́n tó kan ilẹ̀kùn kẹwàá, ọ̀pọ̀ ọmọ a ti ti ìbòjú sókè orí kí wọ́n lè rí ọ̀nà. Ohùn ńkọ́? Ohùn ọmọ ọdún méje ṣì ni.

Síbẹ̀, ọ̀nà kan wà tí aṣọ yìí gbà bá róbọ́ọ̀tì mu ju bó ṣe bá akọni mìíràn mu lọ. Ìbòjú ike tó jẹ́ ti ènìyàn máa ń dà bí òkú, nítorí pé ojú ènìyàn a máa rẹ́rìn-ín, a sì máa fajú ro. Ojú róbọ́ọ̀tì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Optimus Prime tilẹ̀ ní àwo irin tó bo ẹnu rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bó bá ń sọ̀rọ̀, ẹni kan kì í rí ètè. Ojú tó le gbagidi ni ojú rẹ̀ gan-an. Nítorí náà, bí ọmọ bá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ike, kò sí ohun tó tako ara wọn: akọni náà pẹ̀lú ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìbòjú.

Ohun kan ṣoṣo tí aṣọ náà kò lè ṣe rárá ni ohun tó sọ àwọn róbọ́ọ̀tì yìí di ààyò àwọn ọmọ, ìyẹn ni yíyí padà. Ọ̀rá kò lè di ọkọ̀. Ọmọ ló máa ń parí iṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ kò ṣe. Yóò lóṣòó sílẹ̀ lójú ọ̀nà, yóò ká apá mọ́ra, yóò fi ẹnu pariwo bí ẹ́ńjìnnì, yóò sì nà dìde ní róbọ́ọ̀tì. Kò sí owó kankan nínú ìyẹn, kò sì sí nínú páálí. Kókó kan tún wà tó kan ọ̀ràn àwọn tí kò rí jájẹ. Ohun ìṣeré Optimus Prime, pẹ̀lú ọkọ̀ àfàyà rẹ̀, wọ́n ju aṣọ ọ̀rá lọ dáadáa. Ilé tí apá rẹ̀ kò ká ohun ìṣeré lè rí dọ́là díẹ̀ yọ fún aṣọ. Ọmọ tí kò ní Optimus Prime lọ́wọ́ lè jẹ́ Optimus Prime fún alẹ́ kan. Nígbà tí onílé bá ṣílẹ̀kùn tó béèrè pé ta nìyí, ọmọ náà yóò dárúkọ akọni, onílé yóò sì gbà fún un. Ìdáhùn àti ìgbà-fún yìí ló ń sọ ọ̀rá di ẹ̀kú.

Ikú Optimus Prime

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1986, fíìmù Transformers dé ilé sinimá ní Amẹ́ríkà. Kò pẹ́ tí fíìmù náà bẹ̀rẹ̀ tí Optimus Prime fi kú. Ohun tó pa á kì í ṣe Megatron nìkan. Hasbro ní ohun ìṣeré tuntun tó fẹ́ tà lọ́dún náà, àwọn ti ọdún 1984 sì gbọ́dọ̀ kúrò lórí pẹpẹ. Lójú oníṣòwò, ọjà àtijọ́ ń fún ọjà tuntun láyè ni. Lójú ọmọ tó jókòó sínú òkùnkùn sinimá, ẹni rẹ̀ kú.

Àwọn ọmọ sunkún, àwọn òbí fi ẹ̀hónú hàn, ọ̀rọ̀ náà sì ya àwọn tó ṣe fíìmù lẹ́nu. Wọ́n ní G.I. Joe, ọ̀wọ́ mìíràn tí Hasbro ní, tí wọ́n ti pinnu láti pa akọni kan nínú fíìmù tirẹ̀. Wọ́n yí ọ̀rọ̀ ẹnu eré padà pé ó dákú ni, kò kú. Ní ọdún 1987, wọ́n jí Optimus Prime dìde lórí tẹlifíṣọ̀n. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ: ilé-iṣẹ́ ní orúkọ náà lábẹ́ òfin, ó sì lè pa ẹni tó ń jẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n kò ní ọ̀fọ̀ tí àwọn ọmọ ṣe, kò sì lè dá a dúró.

Láàárín ikú yẹn àti àjíǹde rẹ̀ ni Halloween ọdún 1986 bọ́ sí. Ọmọ tó bá wọ ojú Optimus Prime lálẹ́ ọjọ́ náà, ojú ẹni tó ti kú ló gbé wọ. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ, kò sì sí ìgbàlẹ̀ tó ti jáde. Ṣùgbọ́n bó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà tó sọ pé òun ni Optimus Prime, ó ń sọ fún àgbà tó ṣílẹ̀kùn pé ẹni náà kò tíì lọ. Bóyá ìgbà yẹn ni aṣọ ọ̀rá yìí súnmọ́ ohun tí Yorùbá mọ̀ sí ẹ̀kú jù lọ.

Ẹ̀kú Tí Kò Jáde Rí

Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe aṣọ inú páálí kò pẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà. Ní ọdún 1982, májèlé tí wọ́n fi sínú oògùn Tylenol ní agbègbè Chicago ti pa ènìyàn méje, ìbẹ̀rù sì mú ọ̀pọ̀ òbí fa ọmọ wọn sẹ́yìn nínú súwíìtì gbígbà kiri. Ìtọ́wò àwọn ọmọ náà yí padà; wọ́n ń fẹ́ aṣọ tó bo ara jọ ti akọni lóòótọ́. Nígbà tí àwọn ọdún 1990 fi máa parí, ilé-iṣẹ́ Rubie's ti ra Ben Cooper àti Collegeville. Ní ọdún 2007, nígbà tí fíìmù Transformers tuntun jáde, Hasbro gbé àṣíborí Optimus Prime kan jáde tó ń yí ohùn ọmọ padà sí ti róbọ́ọ̀tì. Ẹ̀rọ ti wá ń ṣe iṣẹ́ tí ọ̀fun ọmọ ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 2024, Transformers wọ gbọ̀ngàn ọlá àwọn ohun ìṣeré ní ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé The Strong, ní ìlú Rochester.

Àwọn ọmọ ọjọ́un ti di bàbá àti ìyá. Àwọn kan nínú wọn ń fi owó gidi wá aṣọ tí òbí wọn rà ní dọ́là díẹ̀. Iye tí wọ́n ń san sì dá lórí bí ọwọ́ ọmọ kò ṣe tíì kàn án tó. Páálí tí kò tẹ̀, ọ̀rá ojú fèrèsé tí kò ya, rọ́bà tí kò tíì fà, ìwọ̀nyí ló ń gbówó lé e. Èyí tí èémí ti bà jẹ́, tí okùn rẹ̀ ti já, tí súwíìtì ti lẹ̀ mọ́, kò jẹ́ nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n ti jù sórí ààtàn ní ọjọ́ kejì Halloween.

Kì í ṣe pé ìfarabalẹ̀ tọ́jú nǹkan burú. Ẹni tó ń tọ́jú irú aṣọ yìí mọ̀ pé ìjàkadì ni. Ohun tí wọ́n pò mọ́ ọ̀rá kí ó lè rọ̀ a máa jáde díẹ̀díẹ̀ bọ́dún ti ń gorí ọdún. Ọ̀rá náà a lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, tàbí kí ó gan kí ó sì máa sán. Ìbòjú a di ẹlẹgẹ́, ooru àjà ilé a sì lọ́ ọ. Bí kò bá sí àwọn tó ń kó nǹkan àtijọ́ jọ, bóyá kò ní sí èyí tí ojú yóò tún rí mọ́. Ọpẹ́ yẹ wọ́n.

Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n tọ́jú náà ńkọ́? Aṣọ tí wọn kò wọ̀ kò sọ nǹkan kan nípa ọmọ. Ohun tó ń sọ ni bí ilé ìtajà ṣe rí. Ẹ̀kú tí kò jáde rí kò tíì di ẹ̀kú. Ilẹ̀kùn kankan kò ṣí fún un, ẹni kankan kò bi í pé ta nìyí, kò sì rí ọmọ tó lóṣòó lójú ọ̀nà di ọkọ̀. Ìyẹn tó wà lórí ààtàn ni ó ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán.

Ìkádìí

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àwọn àgbà ti ń ṣírò aṣọ yìí lówó: Takara ṣe ẹ̀rọ, Hasbro ra àṣẹ, tẹlifíṣọ̀n polówó, aránṣọ tẹ àwòrán, akóhun-àtijọ́-jọ sì ń díye lé páálí. Kò sí èyí tó burú nínú gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìkankan nínú wọn tó sọ ike di akọni. Ọmọdé tó yá ohùn rẹ̀ fún un, àti aládùúgbò tó gbà fún ọmọ náà, ni wọ́n ṣe é.

Nítorí náà, àwọn tó ń kọ ìtàn ìgbà èwe, àti àwọn tó ń tọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, kò gbọdọ̀ fi páálí tó dán nìkan ṣe ẹ̀rí. Kí wọ́n wá èyí tó ya pẹ̀lú. Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wọ̀ ọ́ pé ilẹ̀kùn ta ló kàn, kí ló sọ, ta ló gbà á gbọ́. Bí ìyá kan bá sì rí ìbòjú fífọ́ kan ní ìsàlẹ̀ àpótí rẹ̀, tí àwọ̀ ti ṣí lára rẹ̀ níbi tí imú ọmọ ń kàn, kí ó mọ̀ pé kò sí olówó tí yóò bá a ná an, kí ó sì tọ́jú rẹ̀. Òótọ́ ni òwe àwọn àgbà: aṣọ kì í ṣòro ní. Àkísà ni ó gba ọjọ́.